Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden Road

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀gàn sí àlejò; ìkìlọ̀ ni fún onílé. Ẹni tí ó gbọ́n ní ìlú rẹ̀ lè dà bí òpè ní ìlú ẹlòmíràn, kì í ṣe nítorí pé ọgbọ́n ti fi orí rẹ̀ sílẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé kò tíì sí ẹni tí ó fi ọ̀nà hàn án. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ àṣà wa pé, bí àlejò bá wọlé tọ̀ wá, omi ni a ó kọ́kọ́ fún un mu, a ó sì fi ìjókòó hàn án, kí a tó bèèrè ohun tí ó wá ṣe. Nínú àròkọ yìí àwa fẹ́ sọ bí àṣà náà ti kọjá òkun, tí ó sì fi ìdí kalẹ̀ ní ìlú London, nínú ilé kan tí àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. A ó sì sọ ti ìjà tí ó dìde lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó dà bí ohun kékeré, èyí tí í ṣe pé: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti kí ọmọ wa káàbọ̀ nígbà tí ó bá dé ilẹ̀ àjèjì?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìrìn-àjò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sí Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ ní àná. Ní ọdún 1855 ni a ti rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti Sierra Leone lọ sí King's College ní London láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Orúkọ wọn ni Samuel Campbell, William Broughton Davies, àti James Africanus Beale Horton. Òtútù ilẹ̀ náà kò bá Campbell lára mu. Àìsàn dá a padà sí ilé, ó sì kú. Davies, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, àti Horton, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, fi orí tì í títí tí àwọn méjèèjì fi di dókítà. Ní ọdún 1879 ni Christopher Sapara Williams di agbẹjọ́rò ní London. Láti ìgbà náà ni ojú ọ̀nà náà kò ti hu koríko mọ́.

Ní ọdún 1876 a so ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ adúláwọ̀ lè jókòó sí Freetown kí ó sì gba oyè B.A. láì rí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ di agbẹjọ́rò tàbí dókítà, tàbí tí ó bá fẹ́ kún ìmọ̀ tí ó ti ní, kò ní ọ̀nà mìíràn ju pé kí ó wọ ọkọ̀ òkun lọ. Ẹ kíyèsí èyí dáradára, nítorí pé òun ni ọ̀rọ̀ wa dúró lé lórí: púpọ̀ nínú àwọn tí ń lọ kì í ṣe ọmọdé. Ẹni tí ó ti gba oyè wà nínú wọn, ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú wọn, àti ẹni tí ó ti ṣe akọ̀wé ìjọba. Ní ilé, ẹni tí à ń dọ̀bálẹ̀ fún ni wọ́n. Ní òkèèrè, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ rìn. Ọkọ̀ òkun gbé e láti Èkó, ó sì lò tó ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi kí ó tó dé Liverpool. Láti ibẹ̀ ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Euston ní London. Ó bọ́ sílẹ̀ sínú èéfín èédú àti òtútù, láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò sí ẹni tí ó kí i nínú wọn. Ní ìlú tiwa, ẹni tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ ẹni kọjá láì kí ni a kò kì í pè ní ọmọlúàbí. Ní ìlú yìí, ẹni tí ó bá dúró kí gbogbo ènìyàn ni wọn yóò máa wò bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó ní àdírẹ́sì ilé kan nínú àpò rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn. Ìyá onílé ṣí i, ó wo ojú rẹ̀, ó sì wí pé yàrá náà ti ní ẹni tí ó gbà á. Ó kan òmíràn, èsì kan náà ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó rí irú èyí ní àwọn ọdún wọ̀nyí, kò sì sí òfin kan tí ó ní kí onílé má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé a ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àsọdùn, kí ó rántí Learie Constantine, ọmọ Trinidad, tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí eré kíríkẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 1943, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Hòtẹ́ẹ̀lì Imperial ní London kọ̀ láti jẹ́ kí òun àti ìdílé rẹ̀ sùn níbẹ̀ ju òru kan lọ. Ó gbé wọn lọ sí ilé-ẹjọ́, ó sì jàre ní ọdún 1944. Bí a bá lè ṣe báyìí sí ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, kí ni a ó wá ṣe sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí?

Ọ̀rọ̀ ibùsùn nìkan kọ́ ni ó wà níwájú àlejò náà. Ó ní láti mọ ìlànà ẹ̀kọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ gba ti ẹni tí ó fẹ́ kọ́ òfin yẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni ó ní àṣẹ láti sọ ènìyàn di agbẹjọ́rò ní London: Lincoln's Inn, Inner Temple, Middle Temple, àti Gray's Inn. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wọ inú ọ̀kan nínú wọn, kì í sì í ṣe ìdánwò nìkan ni yóò yege. Ní àkókò náà, ó gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ alẹ́ nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ náà ní iye ìgbà tí a là sílẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan, fún sáà méjìlá. Bí ó bá yege gbogbo ìdánwò tí kò sì jẹ oúnjẹ náà pé, wọn kò ní fi oyè dá a lọ́lá. Ta ni yóò ro irú èyí fúnra rẹ̀, bí kò bá sí ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ tí ó sọ fún un? A ti mọ̀ pé onílé ni ó mọ ibi tí ilẹ̀ gbé yọ̀. Ẹni tí ó ti ṣubú níbẹ̀ rí ni ó sì lè tọ́ka rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1922 ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ dé London láti kọ́ òfin. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó sì ti gba oyè B.A. ní Fourah Bay. Ojú rẹ̀ rí ìyà àìní ibùgbé àti àìní owó, tí ó fi jẹ́ pé èdè Yorùbá ni ó ń kọ́ àwọn ènìyàn kí ó lè rí oúnjẹ jẹ. Ní ọdún 1924, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pe gbogbo ayé wá wo ìpàtẹ ńlá wọn ní Wembley, ìwé ìròyìn kan ní London kọ ọ̀rọ̀ tí ó fi àwọn ènìyàn ilẹ̀ wa ṣe ẹlẹ́yà. Ṣólàńkẹ́ kò dákẹ́. Ó mú kálàmù, ó sì kọ̀wé ta ko ẹ̀gàn náà. Ní ọdún kan náà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Amy Ashwood Garvey, ọmọ Jàmáíkà, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà jọ sínú ẹgbẹ́ kan fún ìlọsíwájú ilẹ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n ó hàn sí wọn láìpẹ́ pé ọwọ́ kan kò lè gbé igbá dé orí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1925, Ṣólàńkẹ́ àti Dókítà Herbert Bankole-Bright ti Sierra Leone pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ mẹ́rin tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí gbogbo wọn lè wọ̀: West African Students' Union. Bí a bá kó lẹ́tà àkọ́kọ́ inú orúkọ náà jọ, WASU ni a ó rí. Kí ni ọmọ Yorùbá yóò sì kà níbẹ̀ bí kò ṣe wàásù? Inú wọn dùn sí èyí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn tiwọn ní ọdún 1926, Wasu ni wọ́n pè é, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ó máa wàásù fún ayé nípa ilẹ̀ Áfíríkà.

Ẹgbẹ́ náà kọ àwọn ohun tí ó fẹ́ ṣe sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fẹ́ jẹ́ orísun ìmọ̀ nípa ìtàn, àṣà, àti òfin ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìrànra-ẹni-lọ́wọ́ àti ìṣọ̀kan. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ adúláwọ̀ má ṣe tijú ohun tí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni ó wà ní orí gbogbo rẹ̀? Ilé ni: ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dé yóò lè sùn sí. Ó yé wọn pé ẹni tí kò rí ibi gbé orí lé kò lè jókòó ti ìwé, àti pé ìmọ̀ràn tí a fún ènìyàn ní ẹnu ọ̀nà nínú òjò kò lè wọ inú rẹ̀.

Ilé kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu kọ́. Ní ọdún 1928 Marcus Garvey fún wọn ní ilé kan lò fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò rẹ̀ pé, wọ́n tún padà di aláìnílé. Nígbà náà ni Ṣólàńkẹ́ pinnu láti lọ sí ilé lọ́dọ̀ àwọn tí ó bí wọn. Láti ọdún 1929 títí di ọdún 1932 ni ó fi ń rin ilẹ̀ Nàìjíríà, Gold Coast tí à ń pè ní Ghana lónìí, Sierra Leone, àti Gambia, tí ó ń ti ìlú kan bọ́ sí ìlú kejì, tí ó ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí ó sì ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọba àti ìjòyè, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́. Àwọn ọdún náà kì í ṣe ọdún owó. Ọjà kòkó àti ti èpo ti wó lulẹ̀ káàkiri ayé. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn dá owó. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó dá a kò lè fi ojú rí ìlú London láéláé, wọn kò sì ní ọmọ níbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Nígbà tí ó padà, òun nìkan kọ́ ni ó padà. Ó ti fẹ́ Ọ̀pẹ́olú Ọbísànyà ní ìyàwó, àwọn méjèèjì sì di bàbá àti ìyá ilé náà nígbà tí wọ́n ṣí i ní ọdún 1933, ní nọ́ńbà 62, Camden Road, tí kò jìnnà sí Euston níbi tí ọkọ̀ ojú irin Liverpool ti ń já èrò sílẹ̀. Oúnjẹ ilẹ̀ wa ni ìyá ilé ń sè fún wọn. Ẹni tí kò bá tíì ṣe àtìpó ní ilẹ̀ òtútù kò lè mọ ohun tí òórùn ọbẹ̀ ilé ẹni ń ṣe sí ọkàn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn láti ilé, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àríyànjiyàn, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jó. Ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò, ọmọ Fante, àti ọmọ Freetown jókòó ti tábìlì kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ayé wọn. Ẹni tí ó ti pẹ́ ń kọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn ènìyàn pàtàkì a máa wá bẹ̀ wọ́n wò. Paul Robeson, olórin ńlá ọmọ Amẹ́ríkà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alátìlẹ́yìn wọn.

Àárín àkókò yìí ni ìjà dé. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe àkóso àwọn ilẹ̀ òkèèrè ti ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí pẹ̀lú ìfura. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé inú ìbínú ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà yóò gbé padà sí ilé, tàbí pé àwọn Kọ́múníìsì yóò fà wọ́n mọ́ra. Wọ́n ní ó yẹ kí ilé kan wà tí a ó ti máa tọ́jú wọn, tí a ó sì ti máa ṣọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ṣí ilé mìíràn ní ọdún 1934 ní Doughty Street, a sì pè é ní Aggrey House, láti fi bu ọlá fún James Emman Kwegyir Aggrey, olùkọ́ Achimota tí ó kú ní ọdún 1927. Aggrey yìí ni ó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ funfun àti dúdú ara dùùrù ṣe àpẹẹrẹ bí àwọn ènìyàn méjèèjì ti lè bá ara wọn gbé ní ìrẹ́pọ̀. Ẹ wo bí ayé ti rí: orúkọ ẹni tí ó wàásù ìrẹ́pọ̀ ni ó di orúkọ ilé tí ó dá ìyapa sílẹ̀.

WASU kọ ilé náà. Wọ́n tẹ ìwé pélébé jáde ní ọdún 1934, wọ́n sì sọ níbẹ̀ pé ọwọ́ ìjọba ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti pé a fẹ́ fi ìtura ra òmìnira ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹnu tí ó jẹ dòdò, wọn a ní kò lè sọ òdodo. Kí a sọ òtítọ́, kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó bá wọn fi ohùn kan sí i. Àwọn kan wí pé ilé ni ilé, ẹni tí òtútù ń pa kì í bèèrè ẹni tí ó dáná. Gbèsè sì wà lọ́rùn ilé ti Camden Road. Owó tí ń wọlé kò tó èyí tí ń jáde. Àwa kò ní dá àwọn tí ó lọ sí Doughty Street lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kí a wo ọ̀rọ̀ Ṣólàńkẹ́ dáradára: kò sọ pé ó burú kí àjèjì ṣe wá ní oore. Ohun tí ó sọ ni pé, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fa àlejò ní ọwọ́ ni yóò tọ́ka ohun tí yóò wò àti ohun tí kò ní wò, nítorí náà kò yẹ kí a fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn pátápátá.

Báwo ni ó ti parí? Nígbà tí ó di ọdún 1937 ìjọba rí i pé WASU kò ní kú, wọ́n sì gbà láti ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú owó. Ní ọdún 1938 ẹgbẹ́ náà ṣí ilé tí ó tóbi jù ti ìṣáájú lọ ní South Villas, Camden Square. Aggrey House ní tirẹ̀ ti ilẹ̀kùn ní ọdún 1940. Òǹkàwé lè bi wá léèrè pé, dòdò tí WASU kọ̀ ní ọdún 1934, ṣé kò wá jẹ ẹ́ ní ọdún 1937? Ó jẹ ẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bóyá ẹnu rẹ̀ dí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1941, Clement Attlee, tí ó jẹ́ igbákejì olórí ìjọba ní tòótọ́ bí a kò tilẹ̀ tíì fi oyè náà jẹ ẹ́, wá sí ilé wọn, ó sì sọ fún wọn pé òmìnira tí wọ́n ń jà fún nínú ogun jẹ́ ti gbogbo ẹ̀yà ènìyàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1942, WASU kọ̀wé sí ìjọba pé kí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa ṣe àkóso ọ̀rọ̀ abẹ́ ilé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì gba òmìnira pátápátá láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn ogun. Ẹnu tí ó sọ èyí kò dí. Ó ṣe é ṣe fún wọn nítorí pé ilé náà ti jẹ́ tiwọn kí owó ẹlòmíràn tó wọ inú rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wọ ọkọ̀ òkun pọ̀ ju ohun tí ilé kan lè gbà lọ. Láti ọdún 1950 ni British Council ti gba iṣẹ́ pípàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní èbúté, wíwá ibùgbé fún wọn, àti kíkọ́ wọn ní ìṣe ìlú náà. Ohun tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti fi owó tọ́rọ́ kọ̀bọ̀ bẹ̀rẹ̀ ti wá di iṣẹ́ tí ìjọba kò lè ṣe aláìṣe. Ní ọdún 1948 sì ni a ṣí University College ní Ìbàdàn, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104 láti Yábà, ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú àwọn ilé tí ó ti jẹ́ ilé ìwòsàn àwọn ológun. Láti ìgbà náà ni ọmọ wa ti lè gba oyè Yunifásítì London láì kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá, títí ilé-ẹ̀kọ́ náà fi di yunifásítì fúnra rẹ̀ ní ọdún 1962. Ṣólàńkẹ́ kú ní London ní ọdún 1958, ọdún méjì kí Nàìjíríà tó gba òmìnira tí ó ti ń wàásù rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, kí ni a rí mú nínú ìtàn yìí? Lónìí ilé-ẹ̀kọ́ gíga pọ̀ ní ilẹ̀ wa, àwọn ọmọ wa sì ń lọ sí yunifásítì ní gbogbo ayé láti fi oyè kún oyè. Ìwé ni a fi ń ránṣẹ́ sí wọn nípa ọjọ́ ìwọlé, owó, àti ibùsùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè rí i pé ojú àlejò rẹ̀wẹ̀sì. Bí ẹnì kan bá dé ilé-ẹ̀kọ́ yín láti ìlú mìíràn, ìbáà ṣe ọmọdé ní kíláàsì kìíní, ìbáà ṣe àgbàlagbà tí ó ti gba oyè kan tí ó tún wá òmíràn, ẹ má ṣe rò pé ọgbọ́n rẹ̀ tó láti fi ríran ní ibi tí kò dé rí. Ẹ fi ibi tí omi gbé wà hàn án. Ẹ sọ ìlànà tí a kò kọ sínú ìwé fún un. Ẹ jẹ́ kí ó mọ ibi tí ilẹ̀ gbé yọ̀. Àwọn tí ó dá owó ilé Camden Road ṣe oore fún ọmọ tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, ní ìlú tí wọn kò dé. Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé àlejò tiwa wà ní ẹnu ọ̀nà.